Kílọ́ọ̀ṣì Honda FourTrax 300 mi ń yọ̀ tí mo bá ń gun òkè, ṣé pléètì ni?

AgbẹÌsẹ́yìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní Honda FourTrax 300 kan, ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin tí à ń gùn bí ọ̀kadà, ti 1995, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló fi ránṣẹ́ sínú kọ̀ntẹ́nà, òun la fi ń kó ẹ̀gẹ́ jáde lóko nígbà òjò níbi tí ọ̀kadà ò lè dé, a so tírélà kékeré mọ́ ọn nídìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, tí mo bá wà ní jíà kẹrin tí mo wá dé ibi òkè, ẹ́ńjìnnì á máa ké, á máa ké ṣáá, táyà ò ní yí tó bó ṣe ń ké. Ilẹ̀ títẹ́jú kò sí wàhálà. Lánàá mo tún gbọ́ òórùn ọ́ìlì tó ń jóná. Mẹkáníìkì ọ̀kadà àdúgbò wa ní kí n lọ ra pléètì tuntun wá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ la fi ń yí jíà rẹ̀ bíi ti Honda C70 àtijọ́, ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ tú ohun tí kò ní lè tò padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

BabaṢọ́ọ̀bù:
Ẹ kú oko o. Ẹ má tíì náwó kankan. Ọ́ìlì wo lẹ dà sí i kẹ́yìn? Ẹ wo ara ìgò rẹ̀ bóyá ẹ máa rí JASO MA, àmì ọ́ìlì ọ̀kadà tí kì í jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì yọ̀. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni pléètì yẹn ń gbé, ọ́ìlì mọ́tò mìíràn sì wà tí wọ́n fi nǹkan sí kó lè máa yọ̀ dáadáa kí epo má jẹ púpọ̀, ó dáa fún mọ́tò ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí pléètì di ara wọn mú. Ìkejì, ẹ tún un sẹ́ẹ̀tì ná. Ẹ máa rí nọ́ọ̀tì kan lára kọ́fà kílọ́ọ̀ṣì tí sùkúrù wà láàrin rẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì kú o. Ẹ tú nọ́ọ̀tì yẹn, kẹ́ ẹ rọra yí sùkúrù títí tó fi máa takú díẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré, ẹ wá di sùkúrù mú kó má bàa tẹ̀lé nọ́ọ̀tì bẹ́ ẹ ṣe ń fún un. Mo ti rí èyí tí wọ́n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀tì nìkan ló fẹ́.

AgbẹÌsẹ́yìn:
Háà, bàbá, ọ́ìlì mọ́tò ni mo dà sí i lóòótọ́, èyí tó ṣẹ́kù nínú gálọ́ọ̀nù. Mo ti yí i padà, mo sì ti sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí. Ó sàn díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀gẹ́ bá ti kún tírélà ó ṣì ń yọ̀. Ọ́ìlì tí mo tú jáde, nǹkan dúdú kéékèèké wà nínú ẹ̀ bí ìsàlẹ̀ kọfí.

TúndéAtlanta:
Nǹkan dúdú yẹn, ara pléètì ló ń bó, ẹ tú u. Mo ṣe ti èmi fúnra mi, 1993 ni, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n. Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nínú ẹ̀ o: ọ̀kan tó ń di ara ẹ̀ mú fúnra ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré, bàtà ló wà nínú ìyẹn bíi ti bíréèkì, èkejì ló ní pléètì, òun ló ń já nígbà tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ jíà. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí kọ́fà ẹ wo méjèèjì, torí tí bàtà yẹn bá ti jẹ tán, pléètì tuntun ò ní ṣe nǹkan kan fún yín.

Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sílẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń yọ pléètì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ máa tò ó bó ṣe jáde, kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò. Irin tó wà láàrin wọn, ẹ gbé e lé orí díńgí títẹ́jú kẹ́ ẹ fìka tẹ etí ẹ̀, tó bá ń mì ó ti tẹ̀ nìyẹn, ẹ má lò ó. Sípírínǹgì, ẹ kó tuntun pọ̀ mọ́ pléètì, kò wọ́n, èyí tó ti pẹ́ ti máa ń sún kì. Ẹ fìka pa inú agbọ̀n tí pléètì ń wọ̀ sí náà, tẹ́ ẹ bá rí i tó ti ní eyín, fáìlì ló máa fá a. Pléètì tuntun gbọ́dọ̀ sùn nínú ọ́ìlì mọ́jú, ẹ má wọ̀ ọ́ ní gbígbẹ o, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa jóná. Bóòtù sípírínǹgì, ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn. Gasket, ìyẹn bébà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, èyí tó lẹ̀ mọ́ kọ́fà, ẹ má fi kísẹ́lì họ ọ́, alumíníọ̀mù ni, ó máa ní ojú ọgbẹ́, ọ́ìlì á máa jò níbẹ̀.

AgbẹÌsẹ́yìn:
Ọlọ́run á bù kún yín. A ṣí i lónìí, èmi àti mẹkáníìkì yẹn, ó gbà kí n jókòó tì í. Irin méjì ti di àwọ̀ aró pátápátá, bí ìgbà tí wọ́n rẹ àdìrẹ, pléètì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ti gé sí igun kan. Bàtà yẹn ṣì nípọn, agbọ̀n ò ní eyín tó pọ̀. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi kó ra pléètì, irin, sípírínǹgì àti gasket pọ̀. A ti fi ọ̀rá we ẹ́ńjìnnì kí eruku má wọlé. Tó bá dé màá fi fọ́tò síbí.

BabaṢọ́ọ̀bù:
Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá tò ó tán kẹ́ ẹ tún sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ o, ti tẹ́lẹ̀ ò ní bá pléètì tuntun mu. Ẹ má sì so tírélà mọ́ ọn lọ́jọ́ kìíní.