Ẹ jọ̀ọ́, ṣé cadmium, mẹ́tàlì olóró kan, ló ń sọ ewé di yẹ́lò ni àbí àìrí irin jẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ewéko, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Ohun tó yé mi ni pé ọ̀nà tí irin àti zinc ń gbà wọ gbòǹgbò náà ni cadmium ń gbà wọlé, bí olè tó wọ aṣọ onílé, tó bá ti wọlé tán ewéko á fi glutathione (èròjà kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀) ṣe èròjà mìíràn tó ń jẹ́ phytochelatin, ìyẹn á di cadmium náà mú, wọ́n á lọ tì í mọ́ inú vacuole, ìyẹn àpò inú sẹ́ẹ̀lì, kó má bàa ráyè ba nǹkan jẹ́. Ọgbọ́n gidi nìyẹn o. Ibi tí orí mi ti dàrú ni pé tí ewé bá wá ń ṣe yẹ́lò, ṣé oró cadmium fúnra ẹ̀ ni àbí torí pé kò jẹ́ kí irin ráyè wọlé? Tí mo bá fi irin kún omi tí mo gbìn wọ́n sí, ṣé màá rí ìyàtọ̀? Ti aluminium ò rú mi lójú tó báyẹn, gbòǹgbò ló kọ́kọ́ ń dá dúró tí ò ní gùn mọ́, pàápàá tí pH iyẹ̀pẹ̀ ò bá tó 5, ìyẹn tí iyẹ̀pẹ̀ bá kan gan-an. Kí ni kí n kọ́kọ́ wọ̀n, gbòǹgbò àbí ewé?