Irin lè rántí nǹkan lóòótọ́? (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà àtijọ́)

Rewáyà_Kàbà: Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Rewáyà ni mò ń ṣe, mọ́tò fáànù, dínámò, tiransifọ́mà, gbogbo ẹ̀ ni mò ń wé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò mẹ́mórì kọ̀ǹpútà àtijọ́ hàn mí, òrùka tín-ín-tín bí ìlẹ̀kẹ̀, wáyà gba inú wọn, ó ní òrùka yẹn ló ń rántí nǹkan, pé irin àti nikẹ́ẹ̀lì ni. Mo ní irọ́ ni, torí irin tiransifọ́mà tí mo mọ̀, iná kúrò báyìí, òòfà ẹ̀ náà kúrò. Irin sì kún Itakpe, kí ni nikẹ́ẹ̀lì ń wá níbẹ̀?

Tísà_Mọ́pà: Bọ̀dá, kì í ṣe irọ́ o. Irin tiyín, wọ́n dìídì ṣe é kó máa gbàgbé ni, tó bá ń rántí ṣe ló máa gbóná. Ti mẹ́mórì, olórí kunkun ni wọ́n ń wá. Wáyà méjì pàdé nínú òrùka kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ìdajì kọ́rẹ́ǹtì, ìdajì kan ò lè mi òrùka yẹn rárá, àfi tí méjèèjì bá jọ tì í ló máa yí sódìkejì wàì, á sì wà bẹ́ẹ̀ kódà kí wọ́n mú iná lọ. Yíyí apá kan jẹ́ 1, apá kejì jẹ́ 0. Irin lásán ò gbọ́n tó yẹn, ẹ po nikẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn bí ìdajì-ìdajì, kí ẹ nà án di téèpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìgbà yẹn ló máa ń ṣe é. Irú ẹ̀ ni Jay Forrester, ẹnjiníà kan, dán wò ní MIT, yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, ní 1949.

Àgbà_Ìsánlú: Tísà gbìyànjú, àmọ́ tinú fọ́tò yẹn ò dà bíi pé nikẹ́ẹ̀lì wà ńbẹ̀ o. Ferrite nìyẹn, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìpẹtà irin ṣe ni wọ́n tẹ̀ tí wọ́n fi iná sun bí ìkòkò. Bọ̀dá rewáyà mọ ìdí tí wọ́n fi ń gé irin tiransifọ́mà ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, kọ́rẹ́ǹtì máa ń yí kiri nínú irin tó bá nípọn. Téèpù yẹn náà, bó ti fẹ́lẹ́ tó, ó ṣì ń falẹ̀ láti yí. Ferrite ò jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì rìn nínú ẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni Forrester wá gbé sínú Whirlwind, kọ̀ǹpútà MIT, ní 1953.

Ọmọ_Bùnú: Ẹ má tíì lé nikẹ́ẹ̀lì lọ o! Kọ̀ǹpútà Apollo tó lọ sí òṣùpá, òrùka tí wọ́n fi téèpù permalloy wé ló tọ́jú àṣẹ tó ń tẹ̀ lé, ìyẹn nikẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ ju irin lọ. Àwọn obìnrin ló fi ọwọ́ hun ún, ọ̀nà tí wáyà gbà ló ń sọ 1 tàbí 0 níbẹ̀: wáyà gba inú òrùka, 1, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, 0. Ìyá ìyá mi hun aṣọ ìpò, tí òwú kan bá ṣì ọ̀nà ẹ ó tú u ni. Tiwọn náà nìyẹn, àṣìṣe kan, ẹ padà lọ tú wáyà.

Rewáyà_Kàbà: Háà. Tí mo bá wé kọ́ìlì kan lódì, mọ́tò ò ní yí, oníbàárà á sì máa pariwo. Ẹ ṣé gan-an o. Ìgò mínírà méjì ni mo fi bá ọmọ yẹn ta tẹ́tẹ́, ó kàn jẹ́ pé Àgbà ní nikẹ́ẹ̀lì ò sí nínú fọ́tò, ṣé n ò lè san ẹyọ kan?

Tísà_Mọ́pà: Ẹ san méjì, bọ̀dá.