Ìdí-igi ni wọ́n fẹ́ fi pín ilé bàbá wa. Ṣé òfin gbà á?

Àbíkẹ́ Mushin:
Ẹ káàsán o. Bàbá wa kú lóṣù kẹta, wọn ò kọ ìwé ìhágún. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́. Ìyálé bí ọ̀kan ṣoṣo, ìyá mi bí àwa márùn-ún. Ilé oníyàrá mẹ́wàá kan ló kù. Olórí ẹbí ní ìdí-igi, ìyẹn ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ni àwọn máa fi pín in: yàrá márùn-ún fún bùrọ̀dá wa nìkan, márùn-ún fún àwa márààrún. Èmi ni mo san owó páànù tí wọ́n fi tún òrùlé ṣe, rìsíìtì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Bùrọ̀dá ò wá wo bàbá lọ́sibítù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ (ẹ má bínú, inú ló ń bí mi). Mo fẹ́ pe lọ́yà, ìyá mi ní kí n má gbé ọ̀rọ̀ ẹbí dé kọ́ọ̀tù. Ṣé òfin ò ní ká pín in lọ́gbọọgba ni?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Àǹtí, kọ́ọ̀tù tí ẹ fẹ́ sá lọ bá ló fọwọ́ sí ìdí-igi o. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Suberu Dawodu kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí, ìyẹn ọgbọọgba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ni kí wọ́n fi pín in. Wọ́n dà á nù ní kọ́ọ̀tù òkè, kọ́ọ̀tù Privy Council ní Lọ́ńdọ̀n, tó ń gbọ́ ẹjọ́ wa tó kẹ́yìn nígbà yẹn, náà sì fòǹtẹ̀ lu ìdí-igi ní 1962. Àmọ́ wọ́n ní bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè mú orí-ò-jorí. Olórí ẹbí yín gan-an ni kí ẹ lọ bẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kọ́kọ́ wádìí: irú ìgbéyàwó wo ni bàbá ṣe fún ìyálé? Tó bá jẹ́ alárédè tó ní ìwé ìjọba, òfin ìjọba ló máa pín ogún náà, kì í ṣe ìdí-igi. Ìyálé fúnra wọn á gba tiwọn. Ẹ̀yin ọmọ ò ní ṣòfò, abala 42 ìwé òfin 1999 ò jẹ́ kí wọ́n tìtorí bí wọ́n ṣe bí yín fi ẹ̀tọ́ dù yín. Ìyá yín ni mò ń rò, torí òfin yẹn ò ní ka ìyàwó kejì sí.

Àbíkẹ́ Mushin:
Yéè! Fọ́tò kan wà ní pálọ̀, ìyálé wọ aṣọ funfun gbọọrọ, bàbá wọ kóòtù, àlùfáà dúró láàárín wọn. Láti kékeré ni mo ti ń nu eruku ojú ẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Mi ò tíì pe lọ́yà o. Ìyá mi ò sì mọ̀ pé mo bi yín.