Ẹ wá sọ ohun tí orúkọ òdòdó ti fojú yín rí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Marigold ni mo ní kí ẹnì kan tá a jọ ń pààrọ̀ irúgbìn fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n máa ń rẹ òdòdó ẹ̀ sínú òróró fún ìpara ni mò ń wá o, ìyẹn Calendula. Nígbà tó dé mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó tín-ín-rín, ó dúdú, irun funfun díẹ̀ wà lórí ẹ̀. Mo ní kí lèyí? Irúgbìn Calendula máa ń ká kọ́ńdọ́kọ́ńdọ́ ni, á rí págunpàgun bí èékánná tí wọ́n gé sọnù. Tagetes ló fi ránṣẹ́! Kò sì purọ́, torí marigold náà lorúkọ ẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni French marigold tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Mẹ́síkò àti agbègbè ẹ̀ ló ti wá, African marigold gan-an, ibẹ̀ náà ni. Àwọn Faransé wá ń pè é ní œillet d'Inde, àwọn náà tì í sí Íńdíà lọ́rùn. Ẹni tí ò bá kọ orúkọ Látìn fún mi báyìí, mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀.

—

Hmm, geranium ńkọ́? Èyí tẹ́ ẹ ń gbìn sínú ìkòkò lójú fèrèsé yẹn, Pelargonium ni. Linnaeus, onímọ̀ ewéko tó ń fún ewéko lórúkọ Látìn, ló kó gbogbo wọn sábẹ́ Geranium lọ́dún 1753, onímọ̀ ewéko míì, L'Héritier, yà wọ́n ní 1789, àmọ́ àwọn tó ń tà á ò tíì gbọ́ títí dòní. Aládùúgbò mi kà á pé geranium ò bẹ̀rù òtútù, ó fi tiẹ̀ sílẹ̀ síta, ilẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀ ti kú. Geranium gidi ni ìwé yẹn ń sọ. Ẹ wo òdòdó ẹ̀: tí ewé òdòdó máràárùn-ún bá dọ́gba, Geranium ni, tí méjì òkè bá yàtọ̀ sí mẹ́ta ìsàlẹ̀, Pelargonium. Àwọn ará Jámánì tún da tiwọn rú, Pelargonium ni wọ́n ń pè ní Geranie, Geranium gidi wá di Storchschnabel, ẹnu ẹyẹ àkọ̀, bẹ́ẹ̀ Pelargonium gan-an ni wọ́n fi èdè Gíríìkì sọ lórúkọ àkọ̀!

—

Ẹ̀yin ará, Látìn yẹn dáa, àmọ́ òun náà ń kó kiri o. Mo wá Sansevieria trifasciata títí, wọ́n ní àwọn ò ní, ó sì wà níwájú wa níbẹ̀, Dracaena trifasciata ni wọ́n kọ sí i. Láti 2017 ni wọ́n ti kó o lọ síbẹ̀. Rosemary náà ti di Salvia. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ orúkọ àtijọ́ àti tuntun pọ̀ sára igi tí mo rì mọ́lẹ̀, pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ lò, oòrùn máa ń pa báírò rẹ́. Sansevieria yìí kan náà làwọn olóyìnbó ń pè ní ahọ́n ìyá ìyàwó, ẹnì kan ní Bùràsíìlì wá sọ fún mi pé espada-de-ogum ni tiwọn. Idà Ògún! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀.

—

Idà Ògún kẹ̀! Nílé wa, ọjà ìkòokò la máa ń pe irú ẹ̀.