Mouthpiece dúdú tó ń di aláwọ̀ ewé: kí ni ṣíṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mouthpiece sakisofóònù alto yìí, ìyẹn ibi tá a ń fi ẹnu fọn lára fèrè náà, tòkunbọ̀ ni. Dúdú ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti ń di aláwọ̀ ewé tó ń gbẹ, ó sì ń rùn bí imí-ọjọ́. Nǹkan funfun tún lẹ̀ mọ́ inú ihò rẹ̀. Ṣé ó bu ni? Ṣé kí n fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́?

Onífèrè: Omi gbígbóná kẹ̀! Ẹ má dán an wò. Kò bu. Ẹ́bónáìtì ni, rọ́bà tí wọ́n po imí-ọjọ́ mọ́ kí wọ́n tó sè é títí tó fi le. Nínú 100 gíráàmù rọ́bà, ti táyà kì í sábà gbà ju gíráàmù 3 imí-ọjọ́ lọ. Tiyín yìí máa ń gbà tó 30, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń fa imí-ọjọ́ náà yọ sójú, ìyẹn lẹ ṣe ń gbóòórùn rẹ̀. Omi gbígbóná á jẹ́ kó ṣá lójú ẹsẹ̀, ó sì lè jẹ́ kó wọ́. Bí ibi tí ríìdì (pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó máa ń gbọ̀n tí fèrè fi ń dún) ń jókòó lé bá wọ́ pẹ́nrẹ́n, ohùn ti bàjẹ́ nìyẹn: bí 0.1 mm péré ló ń ya ìwọ̀n ṣíṣí ẹnu mouthpiece kan sọ́tọ̀ sí ti èkejì.

Alátùn-únṣe: Omi tútù, ọṣẹ ìfọwọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Funfun yẹn, itọ́ tó gbẹ síbẹ̀ ni. Ẹ po fínígà mọ́ omi ní ìdọ́gba, ẹ rẹ òwú sí i, ẹ tì í sínú ihò fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ wá fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Tó bá jẹ́ ti klarinẹ́ẹ̀tì ni, ẹ má ri gbogbo rẹ̀ sómi, torí kọ́ọ̀kì ìdí rẹ̀.

Olùbéèrè: Jíìkì ńkọ́? Wọ́n ní ó ń mú dúdú rẹ̀ padà.

Alátùn-únṣe: Á bó àwọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á máa ha ọwọ́. Sáńpépà olómi ló dára: nọ́ńbà 1000, lẹ́yìn náà 1500, lẹ́yìn náà 2000 (bí nọ́ńbà ṣe ga tó ló ṣe kúnná tó). Inú omi ni kẹ́ ẹ ti fi ra á, kí eruku rẹ̀ má wọ imú. Ẹ fi téèpù bo ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ àti ibi tí ríìdì ń jókòó lé. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, òróró ólífì díẹ̀.

Onífèrè: Èmi ò fara mọ́ òróró ólífì yẹn o, ó máa ń kan tó bá pẹ́. Tí ohùn bá ṣì dáa, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀. Àwọ̀ kọ́ ló ń dún. Ẹ má gbé e sójú fèrèsé ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ẹ sì máa tú irin tó di ríìdì mú kúrò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọn ọ́n tán: imí-ọjọ́ tó yọ sójú yẹn, tí omi bá kàn án, ásíìdì ló ń dà, á sì jẹ irin náà.