Ọmọ mi kì í rí àmì abẹ́ ẹ àti ọ: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òṣogbo ni mo wà. Àfín ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6. Ó ríran, àmọ́ kò ríran jìnnà, awò ojú tí wọ́n fún un kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Etí rẹ̀ mú gan-an. Tí mo bá pe "bàtà", á sọ ìró tó kọ́kọ́ gbọ́, á pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ìwé ni wàhálà. Lánàá ó fi imú kan ojú ìwé, ó kà á pé "Bàbá wọ oko." Ọkọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó bi mí pé, "Màámi, àmì wo?"

Mo wá fi máàkà dúdú kọ lẹ́tà gàdàgbà sórí kádíbọ́ọ̀dù, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ hóró ẹ̀wà kan sábẹ́ ọ. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ọ!" Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lẹ ẹ̀wà sínú gbogbo ìwé kíláàsì? (Eku gan-an ti jẹ méjì.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, báwo lẹ ṣe gbé e kúrò lórí lẹ́tà ńlá bọ́ sí ìwé gidi? Ṣé ọmọ ọdún 6 lè lo awò àfọwọ́mú tó ń mú lẹ́tà tóbi? Àbúrò mi ní kí n bẹ̀rẹ̀ bíréèlì (ìwé oníkókó tí àwọn afọ́jú ń fi ọwọ́ kà) báyìí. Èmi rò pé ó ṣì yá jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.