Orúkọ wo ló yẹ òjò dídì tó ya láti ẹ̀gbẹ́ òkè?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí “àgbàrá yìnyín” dúró fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní avalanche, ìyẹn òjò dídì tó ya wálẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Yìnyín ni èyí tó ń ró gbàgbàgbà lórí páànù nígbà òjò. Àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ti pe èyí tó ń rọ̀ lókè òkun (snow) ní òjò dídì, ẹ jẹ́ ká lò ó bẹ́ẹ̀. Àgbàrá gan-an ni mo ń bá jà.

Ní àwọn òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà méjì ni ewu yìí máa ń gbà wá nígbà ìrúwé. Bí oòrùn bá ti mú òjò dídì rọ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ojú kan ṣoṣo, kí ó sì máa fẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn jọ àgbàrá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tó yọ́ náà tún lè jò dé ìpele kan nísàlẹ̀ tí kò lágbára, tó rí háráhárá bí ṣúgà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gìnnìtìn. Bí ìyẹn bá yẹ̀, odidi abala tó wà lórí rẹ̀ á sán, á sì já lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti ẹni tó dúró lé e. Àgbàrá wo ló wà níbẹ̀?

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “òjò-dídì yíya”. À ń sọ pé omi ya wọlé, à sì ń sọ pé ẹ̀ka igi ya, nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà gba méjèèjì. Àwọn kan ní ká gé e kúrú sí “ìya”, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i lórí fóònù láìsí àmì ohùn, bí kò bá kà á sí ìyá, yóò kà á sí ìyà.

Ìpele márùn-ún ni ìkéde ewu òjò dídì yíya ní Colorado ní, àwọn tó mú àbá wá sì fẹ́ ká pe ìkẹta ní “ewu ìwọ̀nba”. Rárá o. Ní ìpele yìí, òjò dídì lè ya fúnra rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe gidigidi kí ẹsẹ̀ ènìyàn mú un ya. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì ń bá a lọ, torí pé àárín ni àwọn ènìyàn kà á sí. Ìwọ̀nba tọ́ sí ìkejì; kí ìkẹta jẹ́ “ewu gidi”.

“Àkókò ààbò” tí wọ́n dábàá fún òwúrọ̀ kùtù náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òtútù òru ló ń mú òjò dídì gan, tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń tètè kọjá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó tó dígírì 30 sí 45, tí wọ́n sì ń padà bí ẹsẹ̀ bá ti ń rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, ó lè má gan dáadáa, ààbò ọ̀hún á sì di orúkọ lásán. “Ìgbà gígan” ni èmi ì bá pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Denver ní Colorado, kí lẹ̀ ń pè é láàárín ara yín?